Ẹnu Ta Ni Ẹ Fi Wọ̀n Ọ́n?

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ sí Ọ̀yọ́, kò balẹ̀ sí Èkó, ó bọ́ sáàárín Ọjà'ba n'Ìbàdàn. Ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó sì dá lórí Ìgbín.

Kí n tó gbàgbé: Ìgbín kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn nílùú yìí. Nígbà tí ogun lé Lágelú, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gun Òkè'Bàdàn, èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó lẹ bébà mọ́ òro lára. Ẹni tó jẹ ẹ́ mọ ẹni tó ká a, ẹni tó ká a mọ ìdí igi tó ti ká a.

Ní ayé àlọ́ yìí, àwọn ẹranko ló ni Ìbàdàn. Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rá ti dáyé nígbà náà. Àlọ́ ni mò ń pa, n kò pìtàn.

Ìjàpá jẹ gbèsè. Ó jẹ Ẹfọ̀n ní Bẹẹrẹ, ó jẹ Ẹtù ní Bẹ́yẹrúnkà, débi pé kò lè gba ojú títì mọ́. Ẹ̀yìnkùlé sí ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, lábẹ́ àwọn páànù tó ti dípẹtà. Lọ́jọ́ kan, ó lúgọ sẹ́yìn igbá àwọn ìyá onírú l'Ọjà'ba, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tajà. Oníbàárà á dé, á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan bu irú díẹ̀, á gbé e símú, á wá wo ojú ìyá náà.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé irú àná kọ́ nìyí?"

"Òwúrọ̀ yìí ni mo ṣí i. Bó bá kan, gbé e padà wá bá mi. Èmi ò kúrò níbí."

Owó á yọ nídìí ìró.

Ìjàpá mi orí. Ó rí i pé ojú ìyá yẹn ni àkọlé ọjà rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sójú kan láti ọgbọ̀n ọdún wá sì ni nọ́ńbà tó fi ń dánilójú. Ó wá ń rò ó pé, bí èèyàn bá ta irú láìní ojú, láìní ìjókòó ńkọ́?

Bó ṣe lọ yáwó iyọ̀ nìyẹn. Ó ra iyọ̀ ní àpò-àpò, ó ra irú ní igbá kan, ó gún ata mọ́ ọn, ó da ìyẹ̀fun sí i kó lè wúwo. Òkété, tó ń tẹ̀wé nínú ihò lábẹ́ òkè Màpó, ló bá a tẹ ọ̀rá. (Ẹ mọ Òkété. Ẹ mọ irú ìwà tó ń hù.) Níwájú ọ̀rá, wọ́n ya igbá irú tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, wọ́n ya ìyá àgbà kan tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kọ ọ́ pé: IRÚDÙN, IRÚ ÌYÁ ÀGBÀ. IYỌ̀ RẸ̀ KÒ TÓ NǸKAN.

Ẹ̀yìn ọ̀rá lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà ibẹ̀ ò ju ẹyin iná orí lọ. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí funfun, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ọjọ́ tí ọjà náà máa bàjẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ó ti ká jọ, ó dà bí ìdí ata gbígbẹ. Kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá náà. Bẹ́ ẹ bá sì ti ya á, ẹ ti rà á.

Ọjà náà tà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń ro àmàlà tí Irúdùn ò wọ̀, nínú gbẹ̀gìrì, nínú ewédú. Àwọn ìyá onírú ní tiwọn, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Ó wá kan Ìgbín. Ìgbín kì í jẹ iyọ̀. Ilé Ọbàtálá ló ti kọ́ oúnjẹ jíjẹ, níbi tí wọn kì í fiyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó rí àwòrán ìyá àgbà, ó rí "iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan," ó rà á. Kò tilẹ̀ tíì sè é. Ó kàn fi ahọ́n kàn án láti mọ adùn rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ho yèè bí ọṣẹ, ìtọ́ bò ó, ó fà ṣìbá wọnú ìkarahun. Òjò ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló yọ ọ́. Nígbà tó yọjú padà, ó gbé ọ̀rá náà lérí, ó mú ọ̀nà Màpó pọ̀n, ó ń wá ẹni tó máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún un. Ó ń kọrin lọ:

Lílé: Ta ló mọ̀wé, kó bá mi kà á?
Ègbè: Tíntín, lẹ́tà tíntín!
Lílé: Wọ́n yàwòrán irú síwájú,
Ègbè: Tíntín, lẹ́tà tíntín!
Lílé: Wọ́n rọyọ̀ sínú, wọn ò wí fún mi,
Ègbè: Tíntín, lẹ́tà tíntín!
Lílé: Ahọ́n mi bó, ojú mi ò ríran,
Ègbè: Tíntín, lẹ́tà tíntín!
Lílé: Ta ló mọ̀wé káàkiri Ọjà'ba?
Ègbè: Tíntín, lẹ́tà tíntín!

Ó pàdé Erin. Erin gba ọ̀rá náà, ó sọnù sí i lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n wá a rí, Erin ní òun ò lè ka ohun tó kéré tó báyìí, ṣùgbọ́n òun mọ ọjà náà dáadáa: ọ̀rá mẹ́wàá lòun ń dà sórí àmàlà òun lójoojúmọ́. Ó kàn jẹ́ pé láti oṣù mẹ́ta, orí òun ń lù kì-kì-kì bí ìlù, oníṣègùn sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ó pàdé Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ní, "Gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Ó bu igun kan jẹ. Òun lẹni àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn tí àkọlé náà wọ̀ nínú.

Ó pàdé Adìyẹ. Adìyẹ fi ojú kan wò ó, ó fi ìkejì wò ó, ó ní, "Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí Adìyẹ díẹ̀, torí àwa gan-an ni. Ọdún 1993 ni ìjọba dá NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili ti di olùdarí àjọ náà ní 2001 ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ bí a ṣe ń yí ọjà wò lẹ́yìn wá nọ́ńbà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ó sì gba ẹ̀mí là, torí ayédèrú oògùn ń pa èèyàn nígbà náà. Àmọ́ ibẹ̀ la dúró sí. Nọ́ńbà ń sọ fún wa pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀. Kò sọ pé iyọ̀ inú rẹ̀ ò ní gbé wa lulẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn rí nọ́ńbà lára mọ́tò ló rí: ó ti mọ mọ́tò tó gbá a nìyẹn.

Ó di Màpó. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìgbín fi gun òkè náà. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1929, tí òpó rẹ̀ tóbi ju àgbà igi lọ, ibẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Àkọlé ti ń jókòó. Ìnàkí ni olórí wọn. Bí a ṣe ń jẹ oyè n'Ìbàdàn náà ni Ìnàkí ṣe dé ibẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ láti Jagun, ó ń gun àkàsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni iwájú ń kú, òun ń súnmọ́kè. Ohun tó dáa ni, kì í jẹ́ ká jà. Ohun kan ṣoṣo tó bà á jẹ́ ni pé ìgbà tí Ìnàkí fi máa dórí àga ẹni tó ń ka àkọlé, ojú rẹ̀ ò ka nǹkan kan tó kéré ju gángan lọ mọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn mí? Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá ni mo kọ sẹ́yìn ọ̀rá. Ẹni tí kò kà á, ṣé èmi ni mo fọ́ ọ lójú?"

Ìgbìmọ̀ ní òótọ́ kúkú ni. Wọ́n ti fẹ́ dìde lọ jẹun. Ẹnìkan wá rántí Àdán, tó ń gbé inú àjà gbọ̀ngàn náà. Àdán so rọ̀, ó dorí kodò, ó gbé ọ̀rá náà sún mọ́ imú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ní, "Àwọn èròjà: irú. Iyọ̀. Iyọ̀ òkun. Sodium chloride. Kírísítálì omi òkun. Ata. Ìyẹ̀fun."

Ìjàpá ní, "Ẹ gbọ́! Irú ló ṣáájú. Òfin ní ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wúwo jù, ká máa bọ̀ nílẹ̀ lórí èyí tó fúyẹ́ jù. Gíráàmù 16 ni irú nínú gíráàmù 100. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó tẹ̀ lé e kó tó kan ata, gíráàmù 15 péré ni."

Àdán ní, "Mẹ́rin ni wọ́n, Ìjàpá. Ọmọ ìyá kan náà sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O fún iyọ̀ lórúkọ mẹ́rin kí irú lè gorí àga."

Kẹ́kẹ́ pa. Àdán tún wò ó. "Wọ́n tún kọ ọ́ síbí pé: nínú ẹnu kan, sodium mìlígíráàmù 24. Ẹnu kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù." Ó gbójú sílẹ̀. "Ìjàpá, ẹnu ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Ìjàpá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ní ẹnu ta ni?"

"Ẹnu Èèrà," ni Ìjàpá wí. "Oníbàárà lòun náà."

Ariwo sọ. Erin bú sẹ́kún. Àdán ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ níbi tó so rọ̀ sí: ẹnu èèrà 1,000 ló wà nínú ọ̀rá kan, sodium inú rẹ̀ wá jẹ́ gíráàmù 24. Sodium sì nìyẹn o, kò tíì di iyọ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ iyọ̀ tó wà níbẹ̀, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ààbọ̀. Gíráàmù 60! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, bíi síbí tíì kan tí wọ́n gé lórí. Oúnjẹ ọjọ́ méjìlá ló wà nínú ọ̀rá kan, Erin sì ń da mẹ́wàá sórí àmàlà.

Ẹ má sọ pé inú àlọ́ nìkan ni ẹnu èèrà wà. Mo yí páálí bisikíìtì kan wò nínú ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: bisikíìtì méjì ni wọ́n pè ní ìwọ̀n ẹnìkan. Ta ló ń jẹ bisikíìtì méjì? Òfin wa kì í ṣe aláìmọ̀ọ́wọ̀n o. Nígbà tó kan ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń pè ní trans fat, òfin NAFDAC ti 2022 ò bá ẹnu ẹnikẹ́ni lọ: kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá, ó tán. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, sì ní kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tó ń rajà. Ní ti èdè, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan lára ọ̀rá, èdè mìíràn lè bá a rìn. Ṣé ẹ ti rí Yorùbá kó bá a rìn dé Ọjà'ba? Lórí pátákó ìpolówó, wọ́n ń sọ Yorùbá tó dùn létí. Lẹ́yìn ọ̀rá, odi ni wọ́n.

Àlàpáǹdẹ̀dẹ̀, tó máa ń rìnrìn àjò, sọ̀rọ̀ látorí òpó. Ó ní òun fò dé ìlú kan tó ń jẹ́ Chile. Láti 2016, ọjà tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ níbẹ̀, àmì dúdú onígun mẹ́jọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú gan-an: Ó PỌ̀ NÍ IYỌ̀. Ọmọdé ń rí i láti òdìkejì títì.

Ìjàpá fò dìde. "Ẹ fẹ́ pa ọjà mi! Irínwó èèrà ló ń bá mi rù ú. Bí ebi bá pa wọ́n, ọrùn yín ló wà o!"

Ìgbìmọ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ẹnìkan ní ká yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò ṣàlàyé ohun tí "púpọ̀" túmọ̀ sí. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún Ìjàpá ní ọdún méje láti múra sílẹ̀. Wọ́n jẹun sí i: àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú. Irúdùn ni alásè fi sè é. Kò pẹ́, òùngbẹ mú Ìnàkí. Ó mu igbá omi kan, ó mu ìkejì. Òùngbẹ mú Ẹfọ̀n. Nígbà tí omi inú ìkòkò tán, tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń lá ètè, ìdájọ́ jáde kíá.

Wọ́n ní kí wọ́n kọ àkọlé náà sẹ́yìn Ìjàpá fúnra rẹ̀, kó má baà rí i ya. Àkókó ló fi ẹnu gbẹ́ ẹ. Ó pín ẹ̀yìn náà sí àpótí-àpótí: iyọ̀ ní tiẹ̀, ṣúgà ní tiẹ̀, ọ̀rá ní tiẹ̀, gbogbo rẹ̀ fún gíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan, Yorùbá ìgboro Ìbàdàn ló fi kọ ọ́, lẹ́tà tí Ìnàkí lè kà láìyọ dígí. Ìgbín kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kà á.

Òun náà ló kẹ́yìn. Lóru ọjọ́ yẹn, Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Ògùnpa, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó yí ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹrẹ̀ náà wọ ojú lẹ́tà gbogbo, ó dí wọn pa, ó gan.

Àwọn àpótí ló kù. Bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà Bẹ́yẹrúnkà, ẹ ó rí wọn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n kọ sínú wọn. Á wò yín lójú, á fa orí wọlé.