Ẹ̀gbọ́n Onípíkọ́ọ̀pù, Púlọ́ọ̀gì Yín Ní Kí N Kí Yín

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ẹrù ẹyin, ẹ sì kú ariwo ìdájí. Mo kí màmá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà, mo sì kí Hilux yín, nítorí òun gan-an ló gbé mi dórí ìwé kíkọ. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa, ǹ bá sì ti wá bá yín sọ ọ́ lójúkojú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ti la ẹnu, èsì kan náà ni: "Àbúrò, ṣé ọkọ̀ ń lọ àbí kò lọ?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aráyé bá wa dá sí i.

Ọkọ̀ ń lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń tọ̀ yín lẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Tí ẹ bá ti kó kíréètì ẹyin kún un ní Mọ́níyà, tí ẹ kọrí sí Bódìjà, ibi tí ọ̀nà bá ti gòkè díẹ̀ báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀: gbì, gbì, á sinmi, gbì. Tó bá tún bọ́ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ohùn rẹ̀ á já geere, ẹ̀yin náà á sì gbà pé ara rẹ̀ ti yá. Kò yá o. Nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù, tí ẹ tẹ iná mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọ sílíńdà á pọ̀ sí i, wọ́n á fún mọ́ra gan-an, agbára tí iná máa fi fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ lè dọ́gbọ́n sí i nílẹ̀ títẹ́jú, àmọ́ òkè ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wá ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ọ̀nà tí ìjọba kò ṣe ló ń fọ́ ẹyin. Ìjọba ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́rùn, ẹ má fi tiyín kún un.

Mo mọ ibi tí ẹ ti kọ́ ìwà yìí. Orí píkọ́ọ̀pù 504 lẹ ti mọ ọkọ̀ wà, àwọn Peugeot tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ọkọ̀ yẹn ní sùúrù fún èèyàn. Tí kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ rẹ̀ bá ti ń jó, kò ní fi pa mọ́: àárọ̀ á ṣòro, ẹ ó sítáàtì títí bátìrì á fi máa kẹ́dùn. Ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì létí títì, ẹ ó tú ìdérí dísítíríbútọ̀, ẹ ó fi sáńdìpépà ra kọ́ńtáàtì, ẹ ó ya etí páálí ìṣáná, ẹ ó fi wọn àlàfo rẹ̀, ẹ ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó di geere. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mo ṣí fìlà fún yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé sáńdìpépà yẹn náà lẹ gbé wá bá Hilux. Ẹ̀gbọ́n, Hilux yín kò ní dísítíríbútọ̀. Kò ní kọ́ńtáàtì tí ẹ máa ra. Kọ́ìlì mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lé púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lórí, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ ìgbà tí kálukú máa ta iná.

Nígbà tí ẹ kò rí kọ́ńtáàtì ra, ṣé kì í ṣe púlọ́ọ̀gì lẹ dojú sáńdìpépà kọ? Mo rí yín lórí àpótí lẹ́nu géètì, ẹ ń fá a, ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ẹ bá mi mú ọ̀kan dání kí a jọ wò ó. Tángaran funfun yẹn ń dá iná dúró kó má baà gba ibòmíràn lọ. Irin tín-ín-rín tó yọrí láàárín rẹ̀ jẹ́ iridium tó bá jẹ́ olówó iyebíye ni: àwọn kan kò nípọn ju mílímítà 0.4 lọ, àwọn míì 0.6. Irin kọdọrọ tó tẹ̀ bò ó lókè ni iná máa ń fò lọ bá. Etí tó mú ni iná fẹ́ràn láti ti fò. Tí ẹ bá fi sáńdìpépà sọ etí yẹn di kúrúmú, tàbí tí ẹ ṣẹ́ orí iridium náà, ẹ ti sọ ọ́ di arúgbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ẹ tún wá dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wo sì nìyẹn? Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan á ta iná lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó wí pé "ó ń lọ", ó ti ta á tán.

Ẹni tí ẹ kò rò rárá ni kọ́ìlì. Volt 12 ni bátìrì ń fún un, òun ló ń sọ ọ́ di ohun tó lé ní 20,000. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá ṣe ń jẹ, àlàfo á máa fẹ̀, kọ́ìlì á sì máa ti ara rẹ̀ síwájú kí iná lè dé òdìkejì. Ó lágbára, nítorí náà kò ní pariwo. Á máa ru ẹ̀bi ẹlòmíràn lójoojúmọ́, títí ọjọ́ kan tí á dákú sójú títì tòun tẹrù. Ìgbà náà lẹ máa wá ké pé kọ́ìlì òde òní kò dáa. Púlọ́ọ̀gì tí ẹ kò fẹ́ ra ló pa á.

Tépù dúdú ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹ ti fi tépù lẹ ojú iná ẹ́ńjìnnì inú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ní ó ń dà yín láàmú lálẹ́. Tí iná yẹn bá tàn tó dúró jẹ́ẹ́, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá àyè fún òun. Tó bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: sílíńdà kan ò jó epo tirẹ̀ mọ́, epo náà ń gba inú sáláńsà lọ, ó sì ń gbiná nínú kátálísítì, tí ibẹ̀ á fi gbóná kọjá àlà títí á fi yọ́. Owó púlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò tó owó ìkíni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kátálísítì. Ẹ kúkú mọ̀ mí, mi ò kì í bú àgbà, àmọ́ tépù yẹn gbówó lórí.

Mo wá ń bọ̀ sórí ìnáwó, nítorí ẹ máa ń pe ara yín ní ẹni tó mọ owó í ṣọ́. Ta ló ra fúẹ̀lì pọ́ǹpù ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate, nígbà tí rewáyà kan fi etí gbọ́ ọkọ̀ tó ní epo kò dé? Ọkọ̀ ṣì ń kọsẹ̀. Ta ló ra kọ́ìlì tókunbọ̀ kan, tó fi í sí sílíńdà tó bá ojú rẹ̀ mu? Ó ṣì ń kọsẹ̀. Lẹ́yìn èyí lẹ wá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹ pààrọ̀ méjì, ẹ ní méjì tó kù ṣì ń gbìyànjú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ ẹ́ńjìnnì, iye iná kan náà ni wọ́n ti ta, kí ló wá sọ méjì di ọ̀dọ́?

Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n fi sikánà wo ọkọ̀. Àmì P0301 tọ́ka sí sílíńdà kìíní, P0302 sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé P0304. P0300 ni tí kọ̀ǹpútà kò bá rí ẹni kan pàtó dá lẹ́bi. Ká ní P0302 ló kà. Ẹ tú kọ́ìlì sílíńdà kejì, ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀kẹta, ẹ pa àmì náà rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ gun òkè. Tí àmì bá di P0303, kọ́ìlì lọ̀daràn, ẹ ra ọ̀kan péré. Tó bá dúró síbi tó wà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ wò: tó bá gbẹ tó pọ́n rúsúrúsú, ara rẹ̀ le, tó bá dúdú bí èédú, epo ń pọ̀ jù, tó bá rin fún òróró, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ní ẹjọ́ í rò, kò sí púlọ́ọ̀gì tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ wo inú ihò tí púlọ́ọ̀gì jókòó sí pẹ̀lú, nítorí omi tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń fi ipá tú sórí ẹ́ńjìnnì yín máa ń wọ̀ ọ́ lọ, rọ́bà ìdí kọ́ìlì ló sì ń jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà tí a ń pààrọ̀ kọ́ìlì àti ìgbà tí a ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kò rí bákan náà. Kọ́ìlì kò ní ọjọ́ lórí: tí àyẹ̀wò bá mú un, ó lọ, tí kò bá mú un, ẹ fi í sílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ ń gbó lójú kìlómítà. Olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ nickel, láàárín nǹkan bí 30,000 sí 50,000 kìlómítà ni, iridium lè tó nǹkan bí 100,000, ìwé ọkọ̀ yín ló sì máa sọ èyí tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì yín. Kí ẹ wá má lọ gbé ayédèrú o. Ẹni tó ń ta "iridium" ní ìdajì owó, tí orí rẹ̀ nípọn bí ti nickel, ẹ̀yin lẹ ń fún un ní ẹ̀bùn. Ẹ sì ra ìwé kékeré kan kí ẹ kọ kìlómítà ọjọ́ tí ẹ fi wọ́n sí i, nítorí "láyé ìgbà tí a sin Bàbá" kì í ṣe kìlómítà.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì tútù ni mo fẹ́. Alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, ọwọ́ lásán ni mo sì máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí púlọ́ọ̀gì wọlé kí n tó mú sípánà, kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì ihò rẹ̀ má baà jẹ. Mẹ́rin lẹ máa rà, ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin. Ẹ sì bá mi ṣí tépù yẹn kúrò, sikánà ń bá mi bọ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
ẹ̀yìn ògiri.