Ìmúnítì Fún Òmùgọ̀: Ọ̀nà Tó Yá Jù Láti Bá Ara Rẹ Ní Kóòtù Òyìnbó

Bí o bá fẹ́ kí ìmúnítì, ìyẹn ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́, já ọ kulẹ̀, má ṣe ka ìwé àdéhùn Vienna lórí àwọn aṣojú ìjọba, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lọ́dún 1961. Ìwé náà kò gùn, ó sì yéni, ìdí nìyẹn tó fi léwu fún irú àwa yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ọtí ni kó o gbà gbọ́: pé aṣojú ìjọba ò ṣeé mú, ó parí. Àwọn tó kàwé á máa yọ ọ́ lẹ́nu pé ìjọba tó rán ọ níṣẹ́ ló ni ìmúnítì, pé torí iṣẹ́ ni wọ́n fi dáàbò bò ọ́, kì í ṣe torí pé ojú rẹ wu ẹnikẹ́ni. Má dá wọn lóhùn.

Àpótí ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní o fẹ́ jí odindi mínísítà àná gbé ní London. Àwọn kan ti ṣe é rí, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1984, ó sì yẹ kí gbogbo òmùgọ̀ kọ́ ọ sórí. Alhaji Umaru Dikko, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà ìjọba Shagari, ti sá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà gbàjọba. Níwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti wọ́ ọ sínú ọkọ̀, ní ojú mọmọ. Akọ̀wé rẹ̀ ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ó sì pe ọlọ́pàá. Rí i pé o ò gbójú sókè wo fèrèsé kankan.

Wọ́n fún Dikko ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n gbé e sínú àpótí, wọ́n sì ti dókítà kan, ọmọ Ísírẹ́lì, mọ́ inú rẹ̀ kó lè máa tọ́jú rẹ̀ dé Èkó. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì méjì mìíràn wà nínú àpótí kejì. Bàálù Nigeria Airways ti ń dúró ní pápákọ̀ òfurufú Stansted. Òfin Vienna sì wà níbẹ̀ tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú àpò aṣojú ìjọba, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Ohun tí òfin náà béèrè kò ju pé kí àmì tó hàn gbangba wà lára rẹ̀, kí ẹni tó ń gbé e sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́.

Àmì ò sí. Ìwé ò sí. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù béèrè, kò rí nǹkan kan, ni wọ́n bá ṣí àpótí. Wọ́n ti náwó bàálù, wọ́n ti náwó dókítà, bébà ni wọn ò rántí. (Òótọ́ ni pé òfin kan náà ní ìwé àti ohun èlò iṣẹ́ nìkan ló yẹ kó wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò kọ Dikko sílẹ̀ bí ohun èlò iṣẹ́?) Ìjọba Buhari ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀, èyí tó tún gbọ́n: àpótí tó o bá ti sọ pé kì í ṣe tìrẹ, báwo lo ṣe fẹ́ gba ìmúnítì fún un? Méjọ̀ Mohammed Yusufu, tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ní aṣojú ìjọba lòun. Kóòtù kò gbà. Ọdún 12 ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n.

Bó bá jẹ́ ọtí àti ọkọ̀ lo fẹ́ràn, ìlú Washington dára. Aṣojú orílẹ̀-èdè Georgia kan mutí, ó wakọ̀ pa ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 níbẹ̀ lọ́dún 1997. Ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bọ́ ìmúnítì lọ́rùn rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n.

Gómìnà ńkọ́? Gómìnà rọrùn. Alamieyeseigha ti Bayelsa sọ fún kóòtù ní London lọ́dún 2005 pé ìmúnítì tó ń bo òun nílé ló ń bo òun lókè òkun. Wọ́n sọ fún un pé Bayelsa kì í ṣe orílẹ̀-èdè.

Sìmẹ́ńtì ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí pé kò gba ìgboyà rárá. Lọ́dún 1975, ìjọba wa ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tò sójú òkun bí ẹni ń retí ọba, owó ìdádúró wọn sì ń gun ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba tuntun dé, ó ní kí wọ́n má sanwó mọ́. Iléeṣẹ́ Trendtex, láti Switzerland, pe Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa lẹ́jọ́ ní London. Báńkì ní apá kan ìjọba lòun, pé ìmúnítì ìjọba bo òun, pé bárékè sọ́jà ni wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ńtì náà kọ́. Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ lọ́dún 1977: ẹni tó bá wọ ọjà lọ ra sìmẹ́ńtì, oníbàárà ni, ohun yòówù kó fẹ́ fi kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Britain sọ irú èrò bẹ́ẹ̀ di òfin. Nítorí náà, kọ́kọ́ ra ọjà ná, jẹ́ kó gúnlẹ̀, kó o tó wá rántí pé ọba ni ọ́.

Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ pàdánù láìjà rárá, jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Iléeṣẹ́ Zhongshan láti Ṣáínà bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn da ọ̀rọ̀ àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Ìgbẹ́sà pọ̀, àdéhùn dàrú lọ́dún 2016, àwọn onílàjà ní London sì dá Zhongshan láre lọ́dún 2021, wọ́n ní kí Nàìjíríà san owó tó ju 60 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Nàìjíríà lè lọ sí kóòtù Britain lọ sọ pé ìmúnítì bo òun. Ó ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fún un. A pẹ́, a bẹ̀bẹ̀, kóòtù kò gbọ́; a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ́dún 2023 wọn ò tún gbọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà gba àṣẹ kóòtù ní Faransé, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé bàálù ìjọba wa mẹ́ta. Ààrẹ Tinubu fẹ́ lọ rí Ààrẹ Macron, ni iléeṣẹ́ Zhongshan bá yọ̀ǹda ọ̀kan nínú wọn kó lè rí nǹkan wọ̀ lọ. Bá wa kí wọn o, wọ́n ṣeun.