Ìjàpá Pọn Ilé Sẹ́yìn, Ó Tún Lọ Háyà Kárávàn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ajá, ó sì dá lórí àwọn àgùntàn ilẹ̀ Wales.

Ní ayé ijọ́un, nígbà tí àwọn ẹranko náà ti gba físà dé Lọ́ńdọ̀nù, Ìjàpá ń gbé ní Peckham pẹ̀lú Yánníbo, àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, àti Ajá tó wá ṣe àlejò títí tó fi di ará ilé. Ní ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé lókè ọ̀hún gbé fọ́tò sórí WhatsApp rẹ̀: òun rèé lẹ́nu ọ̀nà kárávàn, ìyàwó rẹ̀ rèé lórí àga, òkè rèé lẹ́yìn wọn, oòrùn ń ràn yòò. Ìjàpá wo fọ́tò náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń sùn nínú ihò igi! Yánníbo, múra. Àwa náà ń lọ sinmi lárọ́ko."

Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹ̀yin tí ilé yín wà lẹ́yìn yín tọ̀sán-tòru, ilé ta lẹ tún fẹ́ háyà?"

Ìjàpá ní, "Ilé tèmi kì í yọ dáadáa nínú fọ́tò."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ibi tí wọ́n máa lọ nìyẹn. Ìjàpá kọ́kọ́ ní àwọn máa fi mọ́tò fa kárávàn tàwọn lọ. Yánníbo ní ẹni tó bá ń fa kárávàn kò gbọdọ̀ sá ju 60 máìlì ní wákàtí kan lórí mọ́tòwéè, 50 ni lójú ọ̀nà tí wọn kò pín sí méjì, bí mọ́tòwéè bá sì ní ipa mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ tọ ipa ọ̀tún pátápátá tí àwọn asáré ń gbà. Ìjàpá ní, "Ìrìn jẹ́jẹ́ kẹ̀? Èyí tí mo bá wáyé ti tó mi."

Ó tún ní kí àwọn lọ ní oṣù kẹfà, nígbà tí kárávàn ṣì dínwó. Yánníbo ní ilé ìwé kò tíì padé: bí òbí bá yọ ọmọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, ìtanràn lè dé, 80 pọ́nùn lórí òbí kọ̀ọ̀kan nítorí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí wọ́n bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Ìjàpá fi èékánná ṣírò rẹ̀ sílẹ̀: òbí méjì, ọmọ mẹ́ta, 480 pọ́nùn. Ó ní oṣù kẹjọ náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kárávàn ti gun àjà nígbà náà.

Ó ní ó di etí òkun. Yánníbo ní ọ̀pọ̀ etí òkun ni kì í gba ajá láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó yá, wọ́n rí kárávàn kan nínú oko àgùntàn lẹ́bàá òkè Eryri ní Wales. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìpolówó rẹ̀ pé: ỌMỌDÉ, Ẹ KÁÀBỌ̀. AJÁ, Ẹ KÁÀBỌ̀. Ó GBA ẸNI MẸ́FÀ. Nísàlẹ̀, lẹ́tà bí orí èèrà ń sọ pé ajá á sanwó tirẹ̀ lálaalẹ́, orí okùn ni yóò sì wà nígbà gbogbo.

Gbogbo àṣàyàn yìí, kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́. Odò tí wọ́n lè máa ju òkúta sí ni wọ́n fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi Ajá. Ibi tó ti lè sáré ni Ajá ń wá.

Nígbà tí Ìjàpá ka lẹ́tà èèrà yẹn, ó fò sókè. "Owó ajá? Ajá tí kò ní àpò!" Ó wé gèlè Yánníbo fún Ajá, ó ró ìró fún un, ó ní, "Láti òní lọ, ìyá ìyàwó mi ni ọ́." Wọ́n ti ṣèlérí eegun fún Ajá, kò jiyàn.

Nígbà tí wọ́n dé oko náà, Ewúrẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ará Llandudno ni, ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí Great Orme ní 2020, tí wọ́n ń jẹ òdòdó ojúlé kiri nígbà tí kòrónà sé àwọn ènìyàn mọ́lé. Ó wo Ajá lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ta lèyí?"

"Àna mi ni."

"Irùngbọ̀n wọn mà pọ̀ o."

"Ọjọ́ orí ni," ni Ìjàpá wí.

Wọ́n wọlé. Ẹni mẹ́fà tí kárávàn gbà, méjì á sùn ní yàrá, méjì á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà tó fẹ̀ bí pákó, méjì tó kù á sùn lórí tábìlì oúnjẹ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ di bẹ́ẹ̀dì lóru. Bí wọn kò bá tíì fọ abọ́ tán, oorun kò sí. Ìjàpá fẹ́ yọ́ wọ ilé ìtọ̀, ìkarahun rẹ̀ há sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ dì í lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n fà á jáde bí ìdérí ìgò. Ìta ni ó sùn, nínú òjò, nínú ilé ara rẹ̀ tí kò sanwó fún. Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí òun ya Yr Wyddfa, òkè tó ga tó mítà 1,085, ìkùukùu ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ya ìkùukùu.

Lọ́jọ́ kẹta, àgùntàn gba iwájú kárávàn kọjá. Ajá gbàgbé pé ìyá àgbà lòun. Ó gbé eré dà sí wọn, ó di fẹ́ẹ́! Àgbò, olóko, yọ sókè, ìbọn ń bẹ léjìká rẹ̀. Ìjàpá kò lè pe Ajá ní Ajá, Ewúrẹ́ wà nítòsí. Ló bá figbe orin bọnu:

Lílé: Ìyá Yánníbo, padà wá o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá
Lílé: Àna ẹni kì í lé àgùntàn
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá
Lílé: Gèlè ti ń já bọ́ lórí yín
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá
Lílé: Ìrù ti yọ lábẹ́ ìró yín
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá

Ajá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ta ń jẹ́ Ìyá Yánníbo? Àgbò ti sọ ìbọn kalẹ̀ léjìká. Ni àbíkẹ́yìn Ìjàpá bá gba orin náà lẹ́nu bàbá rẹ̀:

Lílé: Bọ̀ọ̀dá Ajá, padà wá o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá
Lílé: Bọ̀ọ̀dá Ajá, ìbọn ń bọ̀ o
Ègbè: Tẹ̀rẹ́ńjẹ̀n, padà wá

Ajá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dúró gbagidi, ó yí padà, ó wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.

Àgbò ní, "Láti 1953 ni òfin ti wà: ajá tó bá lé àgùntàn, ì báà má gé e jẹ, olówó rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí n kò bá sì rí ọ̀nà mìíràn dá a dúró, mo lè yìn ín níbọn. Ìjàpá, ṣé ajá nìyí ni àbí àna?"

Ìjàpá rò ó. Bó bá ní ajá ni, ó jẹ owó ajá, ó tún jẹ Àgbò lówó. Bó bá ní àna ni, olè àgùntàn ni àna rẹ̀, ọlọ́pàá ń bọ̀. Ó la ẹnu, Yánníbo sì já ọ̀rọ̀ gbà.

"Ìyá mi wà ní Ìbàdàn, ara wọ́n le, wọn kò sì lé àgùntàn ẹnikẹ́ni rí."

Ìjàpá san owó ajá, ó san ti Àgbò lé e. Ewúrẹ́ ń ka owó náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹ rí, àbí? Ọjọ́ méje ló lò níbí, òjò pa á mọ́lé ní mẹ́fà. Bí oòrùn ṣe yọ báyìí ló ya fọ́tò."

Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn géètì oko náà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wà títí ìsinmi fi parí, wọ́n ń ju òkúta, Ajá wà lórí okùn gígùn, ó tẹ ikùn sínú omi. Ìjàpá kò bá wọn dé ibẹ̀. Ó wà lórí àpáta, ó na fóònù sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò fi gbé fọ́tò ìkùukùu fún Ọ̀kẹ́rẹ́ rí.

Láti ọjọ́ náà ni ajá ti ń fi okùn sọ́rùn bó bá dé sàkáání àgùntàn. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ rìnrìn-àjò ni à ń bi níbi tó fẹ́ dé. Ẹni tó bá fi ojú aládùúgbò yan ibi ìsinmi, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi san án.

Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó.
Pó! Pó! Pó!