Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Ta Píjò 504

Píjò 504 GR tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ọdán nígbà tí o ṣì ń lọ sí girama, tí adìyẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń ṣeré dẹ́rẹ́bà, ìwọ lo jí i dìde. O da owó àjọ lé e lórí, o da owó kọpúrétíìfù lé e. O yọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí mọ́ ọn, o fi ti Toyota rọ́pò. O kùn ún ní pupa bí ata rodo. O wá gé sailẹ́ńsà rẹ̀ dànù, débi pé bí o bá ṣáná sí i ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ará Ìsẹ̀ á sáré kó aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n á ní òjò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ti sọ ọ́ ní gbangba pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sí nínú búùtù ọkọ̀, kí o lọ tà á.

Fọkàn balẹ̀. Mo ti ta irú rẹ̀ rí, tàbí kí n kúkú sọ pé mo ti gbé irú rẹ̀ síta rí. Bí o bá tẹ̀lé gbogbo ohun tí mo bá sọ, kò sẹ́ni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ.

Owó ni kí a kọ́kọ́ mú. Ẹni tó gbọ́n á béèrè iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní Àkúrẹ́ àti Adó, á wá dá iye sórí tirẹ̀. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Jókòó, kí o kọ gbogbo ohun tí o ná sílẹ̀. Owó panẹ́ẹ̀lì-bítà àkọ́kọ́ tó gba owó iṣẹ́ tó sá lọ, kọ ọ́. Owó èkejì tó wá tún ohun tí ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ ṣe, kọ ìyẹn náà, nítorí ẹni tó ń bọ̀ wá rà á ló jẹ ọ́ ní gbèsè àìgbọ́n rẹ. Kọ iyán àti ẹran ìgbẹ́ tí o fi ń tu àwọn mẹkáníìkì lójú. Kọ owó ọkọ̀ tí o wọ̀ lọ sí Ládìpọ̀ ní Múṣin lẹ́ẹ̀mẹta nítorí báńpà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí, bu owó ìfẹ́ lé e, kí o sì bu owó ìrántí bàbá lé ìfẹ́. Iye tó bá jáde, má sọ ọ́ kalẹ̀ ní náírà kan.

Bí wọ́n bá béèrè ohun tí o fi díwọ̀n, sọ pé Muscle ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ ń bú ramúramù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, irú Pontiac GTO tó jáde ní 1964. Lọ́dọ̀ tiwa, Camry 2007 ni Muscle, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Orobo tí a sọ èkejì ní Big Daddy, tí Honda náà sì ní Bullet, Baby Boy àti End of Discussion. Ẹni tó bá ń gbé owó Muscle bọ̀ ti ń retí éésì tó ń tutù. Tìrẹ rèé, ọwọ́ la fi ń yí gíláàsì rẹ̀ sókè sódò, ọ̀kan kò sì gòkè mọ́ láti àná.

Ìtàn ló kàn. Kò sí Píjò àtijọ́ kan ní gúúsù Èkìtì tí gómìnà kò kọ́kọ́ gùn. Bí a bá ka gbogbo èyí tí wọ́n ti sọ fún mi pé Olóyè Adékúnlé Ajásin, gómìnà Òǹdó àtijọ́, jókòó sí láàárín 1979 sí 1983, bàbá náà kò ní ráyè ṣe ìjọba rárá, inú ọkọ̀ ni ìbá máa sùn. Sọ ti Ajásin bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tí o kò gbọdọ̀ sọ ni òótọ́, torí òótọ́ Píjò dùn débi pé ẹni tó fẹ́ rà á lè yọ owó. Má sọ pé 1968 ni àwọn Faransé gbé 504 jáde, pé ó gba oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Má sọ pé ó borí nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1975, ó tún borí ní 1978, lórí ekuru àti ẹrẹ̀ tí ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó nígbà òjò yóò dá mọ̀. Má sì sọ pé oṣù kẹta 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún wa, tó fi jẹ́ pé nígbà kan, bí Píjò bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyá ilé á ti máa wá àga tó dára: yálà dókítà ni, tàbí ọ̀gá ilé ìwé, tàbí àlejò láti sẹkitéríàtì.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà ní Oníkàn l'Ékòó tó yẹ kí gbogbo wa lọ wò. Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976 ni. Inú mùsíọ́ọ̀mù ló wà. Ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀ títí di òní, kò sẹ́ni tó dí wọn, kò sẹ́ni tó kùn wọ́n. Bí wọ́n bá gbé e fún ìwọ ní ọ̀sẹ̀ kan péré, o ti fi fílà dí gbogbo rẹ̀, o ti kùn ún ní pupa.

Fílà ti panẹ́ẹ̀lì-bítà ni mo wí, kì í ṣe fìlà orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń bo ibi tí kò dára. Níbi tí ìpáàrà ti jẹ ìdí ilẹ̀kùn Píjò rẹ, ẹni tó gbọ́n ìbá gé irin tó ti jẹrà kúrò, á fi páànù tuntun jó o. Panẹ́ẹ̀lì-bítà rẹ fi bébà dí i, ó da fílà lé bébà, ó fi sáńpépà dán an. Ó ń dán bí ojú ìyàwó. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò wá mú bàbá mẹkáníìkì kan wá láti Emùré. Bàbá náà kò ní sọ̀rọ̀. Á yọ òòfà kékeré kan jáde lápò, irú èyí tí wọ́n ń tú lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, á máa gbé e káàkiri ara ọkọ̀. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òòfà á lẹ̀. Lórí òrùlé, á lẹ̀. Bó bá dé ìdí ilẹ̀kùn, á já bọ́ sílẹ̀ pàì.

Èyí ni kí o sọ nígbà náà: “Bàbá, òòfà yín ló ti gbó.”

Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo gbà fún ọ níbẹ̀, ìwọ kọ́ ni òmùgọ̀ tó burú jù. Mo mọ ẹnìkan tó fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì Camry sínú 504. Ẹ́ńjìnnì Camry dùbúlẹ̀ ní ìbú, táyà iwájú ló fi ń fa ọkọ̀. Ti 504 nà ní òòró, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Oṣù mẹ́rin ni ọ̀rẹ́ wa fi mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ìbá sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ ra ti Hiace, ó sì wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyí tí o fi gbọ́dọ̀ parọ́ nípa rẹ̀. Sọ pé bó ṣe wá láti Kàdúná ló ṣe wà. Bí ẹni náà bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rí TOYOTA gàdàgbà lórí irin, sọ pé àjọṣe àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì ni. Ẹ́ńjìnnì tó lè jẹ́ ohun tó dára jù lára ọkọ̀ rẹ, torí spéépáàtì rẹ̀ wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, ìwọ ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀rí pé olè ni ọ́.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú pátíkúlà, nọ́ńbà ṣásì wà níbẹ̀, àwọ̀ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìwé tìrẹ sọ pé ọkọ̀ funfun ni, ẹ́ńjìnnì Peugeot, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọkọ̀ tó wà níta pupa, ẹ́ńjìnnì Toyota ló ní, Èkìtì ló sì wà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tó bá dá ẹni tó rà á dúró yóò rò pé ọkọ̀ mẹ́ta ló pàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá lajú á ti lọ tún gbogbo rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pẹ̀lú rìsíìtì ibi tó ti ra ẹ́ńjìnnì, kó tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ìwọ sọ pé ìwé wà nílé. Bí ó bá ní òun á dúró kí o lọ mú un wá, sọ pé ilé jìnnà.

Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọ̀hún ná? Orúkọ bàbá. Bàbá sì ti lọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀, torí ibí yìí ni mo ti gba oyè tèmi. Ní tòótọ́, ó yẹ kí àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, kí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí i, kí ó tó di pé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ ọdán. Ta ló ráyè ìyẹn? Èmi ni mo tún un ṣe, èmi ni mo ni ín. Ẹni tó fẹ́ ra tèmi ti gbé owó wá, ó ti ń kà á lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ka ìdì kẹta, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá kejì, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìsẹ̀. N kò ránṣẹ́ pè é. N kò tíì mọ ẹni tó sọ fún un títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura sí ìyàwó mi. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà, ó bú sẹ́kún: “Ta lẹ ń ta bàbá wa fún?”

Ọkùnrin náà kó ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú àpò rẹ̀. Ó ní òun ọkọ̀ lòun wá rà, òun kò wá ra òkú.

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú nù, ó béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Ká sọ pé ti ìwọ kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni náà ṣì dúró, ó fẹ́ gbé e jáde wò. Ti ṣáná sí i kí ó tó dé, kí ó ti gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í parọ́: bó bá ti ṣáná láàárọ̀ tó tu èéfín búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí ó gun òkè. Ìlú Ìkẹ́rẹ́ tí òkúta ńlá bí Olósùnta àti Oróle jókòó tì, ibi títẹ́jú kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà wá ibi tí kò dàgẹ̀rẹ̀, kí o máa yí i po níbẹ̀ bí ẹni ń jó. Tan rédíò sókè kí ó má gbọ́ ariwo ìdí táyà. Bí ó bá bi ọ́ léèrè ìdí tí jálá omi márùn-ún fi wà lẹ́sẹ̀ ìjókòó iwájú, sọ pé òùngbẹ máa ń gbẹ ọ́.

Àwọn ajẹ́ńtì? Gbé e fún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkálukú máa pe iye tirẹ̀. Mi ò fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò lórí wọn.

Nǹkan kan máa ń múnú bí mi bí mo bá rántí. Àwa ará ibí kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí a ń kọ́ ní bí a ṣe ń ta ohun àtijọ́. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó fi Ìsẹ̀ ṣe ibùgbé, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Òyìnbó tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ ọba wà lára rẹ̀, lórí àga tí àwọn ènìyàn rù. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò pariwo, kò sọ pé gómìnà kan ti ṣí i rí, kò ka iye iyán tí Ọlọ́wẹ̀ jẹ. Ó kọ̀ láti tà á. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ọba fún òun ní ìlú wọn, kí àwọn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí ipò èyí tó lọ. Ọba mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tó ń fẹ́, ó sì mọ ibi tí òmíràn ti lè wá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ni ìwọ mọ̀ nípa Píjò rẹ?

Ó ti tó. Tèmi ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ sí i, àwọn yòókù náà ti fọwọ́ sí i, ìwé ilé ẹjọ́ ti jáde, a sì ti yí pátíkúlà sí pupa àti Toyota. Ìdí ilẹ̀kùn méjèèjì lápá òsì, fílà ni. Gíláàsì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kì í gòkè. Ó máa ń gbóná bó bá gun òkè nígbà ọ̀sán. Gómìnà kankan kò gùn ún rí. Tíṣà ló ni ín, ó fi gbé ọmọ mẹ́jọ lọ sílé ìwé. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ẹ sì wá láàárọ̀ kùtù, kí ẹ bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tútù. Òòfà wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.