Àmín Tí Mo Ṣe ní Káàrà

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo ti ti káàrà, ọjà màlúù, dé, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀fà kò tíì dẹ́kun àtimáa kí mi pé, "Ẹ kú okùn fífà o!" Kí wọ́n tó sọ ọ́ di orin, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi rò ó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló papò dà. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Ẹbí péjọ, wọ́n ní fìdáù ogójì ọjọ́ kò gbọdọ̀ ṣaláìní màlúù. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n kó o fún mi, wọ́n ní kí n mú Bàbá Alápatà dání lọ sọ́jà, torí ẹni tó ń ta ẹran ló mọ ẹran. Mo béèrè iye tí bàbá náà máa gbà. Wọ́n sọ ọ́. Mo ní ká má rí i! Èmi tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Jigawa lọ́dún 1999, tí mo gbọ́ Haúsá bí ẹni mumi, ni màá tún sanwó fún ẹni tí yóò bá mi nájà?

Haúsá tí mo gbọ́ náà nìyí: mo lè kí ènìyàn láàárọ̀, mo lè béèrè iye tí nǹkan jẹ́, mo lè ka owó, mo sì mọ orúkọ oúnjẹ bíi mẹ́fà. Ibi tí mo bá kù sí, mo gbẹ́kẹ̀ lé ilé kéwú. Ọ̀rọ̀ Haúsá tó bá ti jọ Lárúbáwá, mo ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Bí èmi àti àbúrò mi ṣe dé káàrà nìyẹn o. Mi ò ní dárúkọ káàrà náà, torí mo ṣì lè fẹ́ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo dáadáa, ẹ bá mi dákẹ́. Gínnì funfun ni mo wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, funfun, lọ sí káàrà. Alárinà kan rí mi lókèèrè, ó pariwo, "Àlàájì!" Mi ò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n mo dáhùn. Ibẹ̀ ni owó màlúù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ẹni tí kò bá dé káàrà rí á rò pé gbàǹjo ni wọ́n ń lù níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbàǹjo gidi ni. Màlúù á ti gun orí ìwọ̀n, kílò rẹ̀ á hàn kedere, ẹni tó ń lù ú á máa sọ̀rọ̀ wìrìwìrì bí ẹni tí ata ń ta lẹ́nu, àwọn oníbàárà á kàn máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Màlúù wọn tiẹ̀ ní páásípọ́ọ̀tù láti ọdún 1996. Tèmi ti kú láti ọjọ́ yìí.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni ìwọ̀n, ẹnu ni agogo. Ẹni tó ni màlúù lè má sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Alárinà, tí Haúsá ń pè ní dillali, ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàrin yín. Lẹ́yìn gbogbo wọn, màigídá kan wà, bàbá onílé tí àwọn tó kó ẹran wá láti òkè Ọya ń dé sí lọ́dọ̀. Òun ló ń fún wọn níbi sùn, òun ló ń dúró fún alápatà tó bá gba màlúù láwìn, àwìn náà sì wọ́pọ̀. Abner Cohen, onímọ̀ kan tó lọ gbé láàrin àwọn oníṣòwò Haúsá ní Sábó n'Ìbàdàn, kọ ìwé nípa ètò yìí tó jáde ní 1969. Bí alápatà bá jẹ gbèsè sá lọ, ọrùn màigídá ló ń já lé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ní káàrà wúwo ju ìwé àdéhùn ilé ẹjọ́ lọ. Bó bá ti bọ́ lẹ́nu, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló fẹ́ pa mí.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti gbọ́ pé ẹnu ni wọ́n ti ń mọ ọjọ́ orí màlúù, mo ní kí wọ́n bá mi ya ẹnu ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo òkè ẹnu rẹ̀: kò sí eyín iwájú ẹyọ kan! Mo yíjú sí àbúrò mi, mo lọgun, "O ò rí i? Akáyín ni wọ́n fẹ́ tà fún wa! Arúgbó màlúù!"

Gbogbo káàrà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Ọmọ kékeré kan tó ń da ẹran jókòó sílẹ̀ kó lè rín in dáadáa. Màlúù kankan láyé yìí kò ní eyín iwájú lókè. Erìgì líle ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni eyín iwájú mẹ́jọ wà, ìsàlẹ̀ náà ni à ń wò. Bó bá tó bí ọmọ ọdún méjì, eyín wàrà méjì àárín á bọ́, méjì ńláńlá á rọ́pò wọn. Bó ṣe ń dàgbà ni méjì méjì mìíràn ń tẹ̀lé e, nígbà tó bá fi máa tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti pé. Èyí tí mo pè ní akáyín, eyín ńlá mẹ́rin ló ní. Ọ̀dọ́langba ni.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí o. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ìlú wa wà láàrin méjèèjì. Nígbà kan rí, a máa ń rí màlúù òkè Ọya tí reluwé ń kó lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo màlúù nínú ọkọ̀ tó ń kọjá, ìwo nìkan ló ń rí. Kò rí ẹnu.

Kò yẹ kí n tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo sọ̀rọ̀. Màlúù kan wọ̀ mí lójú, irú tí wọ́n ń pè ní Bunaji, funfun báláú, ìwo rẹ̀ nà sókè bí apá ẹni tó ń tọrọ àdúà. Bàbá Fúlàní àgbàlagbà kan ló ni ín, ó jókòó lórí jálá òróró, ó dé akẹtẹ̀. Alárinà fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo bi bàbá náà ní Haúsá pé èló ni. Ó ní ₦900,000. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní ₦500,000. Ó rọra gbé ọwọ́ lé àyà, ó wojú mi pẹ̀lú inú rere, ó ní:

"Albarka."

Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, kí lẹ máa gbọ́ níbẹ̀? Alùbáríkà ni mo gbọ́! Nílẹ̀ wa, bí ọjà bá ti bọ́ sọ́wọ́ olówó ni à ń sọ pé kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí i. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Àmín, àmín!" Mo fi ọwọ́ nu ojú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí tiwọn náà ní alùbáríkà. Bàbá náà tún mi orí, ó ní, "Albarka, albarka." Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo bá tú okùn màlúù kúrò lára èèkàn.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti gbà ni? Ẹ ò tíì kawó o."

Mo ní, "Ìwọ tí o ò gbọ́ Haúsá, dákẹ́. Ká so ó mọ́ ọkọ̀ ná."

Mo wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà bọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín, ẹ má gbàgbé èyí: a kì í wé okùn màlúù mọ́ ọwọ́. Dídì ni à ń dì í mú, kó lè ṣeé jù sílẹ̀. Ẹni tó bá wé e, òun kọ́ ló mú màlúù, màlúù ló mú un.

Mo fà á. Màlúù kò mira. Mo tún fà á, ó wò mí bí ẹni tó ń rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Àbúrò mi bọ́ sẹ́yìn, ó gbá a nídìí pẹ́rẹ́. Ohun tí mo rí tẹ̀lé e, ojú ọ̀run ni.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá orò yẹn sílẹ̀, kò ní màlúù lọ́kàn. Màlúù náà fi mí sáré gba àárín àwọn àgùntàn, ó fi mí gba inú ẹlẹ́bọ́tọ tútù, bàtà mi ọ̀kan dúró síbẹ̀, mi ò tíì rí i dòní. Ó gbé mi kọlu obìnrin kan tó ń ta nọ̀nọ̀, wàrà kíkan. Igbá lọ sápá kan, nọ̀nọ̀ lọ sí ara gínnì mi, obìnrin náà nìkan ló dúró. Lẹ́yìn mi ni mo ti ń gbọ́ "Bàráwò! Bàráwò!" Olè ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé ọ̀pá. Mo sì ń pariwo láti ilẹ̀ pé, "Wọ́n ti ṣe alùbáríkà fún mi! Ẹ bi wọ́n!"

Ọlọ́run tó ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin ló kó mi yọ. Ẹran náà dúró fúnra rẹ̀ níwájú àtíbàbà màigídá. Èmi dé lẹ́yìn rẹ̀, mo dojú bolẹ̀ gbalaja, apá nà síwájú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá màigídá wò mí láti orí ẹní, ó sì fi Yorùbá tó já gaara ju tèmi lọ sọ pé, "Ẹ dìde, Àlàájì. A kì í torí màlúù dọ̀bálẹ̀."

Òun ló là á yé mi. Ìyá ọlọ́jà tiwa, bí owó rẹ bá kéré, á ní, "Kò gbà o," á sì kọjú sí ẹlòmíràn. Haúsá kì í sọ ọ́ níhòòhò bẹ́ẹ̀. "Albarka" ló máa sọ. Kí Ọlọ́run bù kún owó rẹ, máa gbé e lọ. Ìyẹn ni pé gbogbo àmín tí mo ń ṣe, ẹni tó ní "rárá" ni mo ń ṣe é fún. Bàbá sì sọ "rárá" lẹ́ẹ̀mẹta!

Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀. Inú ń bí mi. Ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín ní ìwọ̀n. Ẹni tó ń ra páànù jákujàku ní ìwọ̀n. Ẹran tí owó rẹ̀ tó ti ọ̀kadà, ojú lásán la fi ń wọ̀n ọ́n! Tépù aránṣọ, tí a bá wé e mọ́ àyà màlúù lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ó tó láti fojú bu kílò rẹ̀. Kò sì ju nǹkan bí ìdajì kílò yẹn lọ tó ń di ẹran. Kí ló dé tí tépù kò sí? Torí pé bí tépù bá wà, wọn ò ní lè fi gínnì mi wọ̀n màlúù. Kí n má tiẹ̀ sọ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rìsíìtì àwọ̀ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ ohun tí owó náà wà fún. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká padà sí ìtìjú mi, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo san owó nọ̀nọ̀. Wọ́n bomi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí alárinà wá bá mi ná an. Mo ní ₦650,000. Bàbá ní, "Albarka." Mo mi orí bí àgbà, mo ti mọ ìyẹn báyìí. Mo ní ₦700,000. "Albarka." Mo ní ₦760,000, mo ní jálẹ̀ nìyẹn. Bàbá wo màlúù rẹ̀ títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní:

"Na sallama."

Sálámà! Ohun tí a fi ń kírun parí! Mo ní ó ti tán, bàbá yìí ti kí mi pé ó dàbọ̀. Mo dáhùn pé, "Wa aléékúmù sálámù," mo kẹ́yìn sí i, mo ń lọ sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan. Mo mọ ọgbọ́n yẹn láti ọjà Owódé wa: rìn kúrò, wọ́n á pè ọ́ padà. Wọn ò pè mí. Wọ́n lé mi! Alárinà di apá agbádá… ẹ forí jì mí, apá bùbá mi mú, òógùn bò ó.

"Àlàájì, sallama! Ó ti tà á fún yín! Èyí tí wọn ò tà fún yín, ẹ fà á lọ. Èyí tí wọ́n tà fún yín, ẹ ń sá fún un. Irú ọjà wo lẹ̀ ń ná gan-an?"

Mi ò ní èsì. Mo kawó. Bí mo ṣe kà á tán, ó na ọwọ́, ó ní ó ku la'ada. Ẹ sì mọ̀ pé mi ò lè panu mọ́. Mo ní, "Ọlọ́run yóò fún yín ní láádá, ní ayé àti ní ọ̀run."

Ó ní, "Ti ọ̀run, màá gbà á lọ́hùn-ún. Owó alárinà ni mò ń sọ."

Bí a ṣe délé, Bàbá Alápatà wá wo ẹran náà. Ó tẹ ìdí ìrù rẹ̀ bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀, ó fọwọ́ ra egungun ìhà, ó bi mí ní iye tí mo rà á. Mo sọ ọ́. Ó ní wọn ò rẹ́ mi jẹ púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé bàtà mi kejì ńkọ́. Mo ro ti nọ̀nọ̀, ti gínnì, ti la'ada, ti bàtà: owó tó ní kí n san fún òun kò tó ìdajì rẹ̀.

Èdè tí mi ò gbọ́ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibi tí mi ò ti gbọ́, mo béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ọmọ ilé wa ni wọ́n ló tì mí ṣubú.

Lọ́jọ́ fìdáù, ẹran jinná, èrò pé. Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Ọlọ́run fi alùbáríkà sí ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu. Gbogbo ilé dáhùn, "Àmín!" Mo ya ẹnu láti ṣe tèmi. Àbúrò mi rọra tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa okùn o."