Jẹ́léósinmi, Ilé Wo Ló Sinmi?

Bíríkílà ni mí ní Kàbà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì Ọbajana, tí mò ń bu omi sí i, tí mò ń fi ṣọ́bìrì yí i. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà. Á ní kí n bọ́ bàtà síta, kí n gbọn ṣòkòtò, kí n fọ ẹsẹ̀ dé orúnkún. Ó fẹ́ràn ilé mímọ́, n kò sì bá a jà sí i rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó ro ẹjọ́ mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo bọ́ bàtà, mo gbọn ṣòkòtò, mo fọ ẹsẹ̀, mo wọlé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, ni mo bá láàárín gàrí. Kì í ṣe gàrí inú abọ́ o. Múdù mẹ́ta tí mo rà lọ́jọ́ ọjà ló wà lórí tapólì mi, tapólì tí mo fi ń gba sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ òjò. Ó ń fi ife bù ú, ó ń dà á sórí ara rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi àtalẹ̀ pupa pa láró wà ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń yà á ní fótò.

Mo figbe ta.

"Ẹ rọra, ẹ má dẹ́rù bà á," ni ìyàwó mi wí. "Iṣẹ́ àmúrelé ni. Tísà ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní bó ṣe ń fọwọ́ kàn án yẹn, ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

Jẹ́léósinmi ni à ń pe ilé ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń wí: ẹ gbé ọmọ lọ, kí ilé sinmi. Owó tí mò ń san ní sáà kọ̀ọ̀kan, owó ìsinmi ilé ni. Ó wá di pé ilé ẹ̀kọ́ ló ń sinmi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ń fi wàhálà ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù.

Mo gba fóònù, mo kà á. Ife fúláwà méjì, ife iyọ̀ kan, òróró díẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí a pò ó títí yóò fi dà bí àmọ̀, kí ọmọ máa fi mọ ohun tó bá wù ú. Ìyàwó mi yìí, tó máa ń kán òróró sọ́bẹ̀ mi bí ẹni ń kán oògùn sójú, ló da òróró sí fúláwà tí kò wo ibi tó dé nínú ìgò.

Ohun tó dùn mí jù ni pé eré náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, bí òjò bá ti dá, a óò ki ẹsẹ̀ bọ erùpẹ̀ tútù, a óò fọwọ́ gbá a mọ́ ẹsẹ̀, a óò wá rọra yọ ẹsẹ̀ jáde kí ilé lè dúró. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. A ń fi agolo mílíìkì se ọbẹ̀ ewé, a ń fi yanrìn ṣe gàrí. Ẹ gbọ́ o: yanrìn là ń fi ṣe gàrí. A kì í fi gàrí ṣe yanrìn. Ẹnikẹ́ni kò yà wá ní fótò. Pàṣán ni Ìyé, ìyá mi, fi ń kí wa káàbọ̀.

Ìyé yìí kan náà ló wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó di asẹ́ mú fún un kí ó lè máa jọ gàrí sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní, "Ìyé, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ nà mí nítorí ẹrẹ̀?" Ó ní ẹrẹ̀ tèmi dọ̀tí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Tísà náà fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, ìyẹn gan-an ló burú, torí n kò rí ibi gbé ìbínú mi kà. Ó sọ fún mi nípa Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé ní Róòmù lóṣù kìíní ọdún 1907, ní àdúgbò àwọn tálákà. Ó ní títí di òní, níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀lé ọ̀nà obìnrin náà, ọmọ á máa da ìrẹsì láti inú ife kan sí òmíràn kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbọ́n. Tó bá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ padà sáyè. Mo ní kí ó tún apá tó kẹ́yìn yẹn sọ. Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi!

Ó tún mẹ́nu ba Play-Doh, àmọ̀ aláràbarà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fi ń ṣeré. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun ìnu-ògiri ni í ṣe níbẹ̀rẹ̀? Èédú ni wọ́n ń dá sínú ilé lọ́hùn-ún, èéfín rẹ̀ á sì ba bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́. Àmọ̀ yìí ni wọ́n fi ń nù ún. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò dáná èédú mọ́, ọjà kú, àfi ìgbà tí tísà jẹ́léósinmi kan rí i pé àwọn ọmọdé lè fi ṣeré. Ní 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún eré. Tiwọn nu ògiri kó tó di eré. Tèmi bẹ̀rẹ̀ látorí eré, ó ti wà lára ògiri báyìí, ó ti gan.

N kò ní purọ́ mọ́ tísà, ó kìlọ̀ dáadáa. Ó ní a kò gbọdọ̀ kó ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà fún ọmọ kékeré: ẹ̀pà lè há a lọ́fun, ẹ̀wà tó bá sì tì bọ imú, á mu omi ibẹ̀, á wú. Ó ní kí a má fi ọmọ sílẹ̀ ti garawa omi, bó ti wù kí omi náà kéré mọ. Èmi ni mo fi ti sìmẹ́ǹtì kún un, torí pé ó ń jó awọ. Mo na ìka mi jáde, ó rí i.

Ibi tí mo ti ṣubú ni ti sitáàṣì. Nígbà tí mo padà délé, ìyàwó mi fi omi díẹ̀ po sitáàṣì aṣọ. Tí ẹ bá kan án lẹ́ṣẹ̀ẹ́, á le bí ògiri. Tí ẹ bá rọra ki ìka bọ̀ ọ́, á ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mọlé, n kò rí irú àpòpọ̀ alágàbàgebè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí n kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó tún ro omi eérú sínú omi sóbò, tí pupa rẹ̀ di àwọ̀ ewé lójú mi, n kò rántí gàrí mọ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó mọ̀ pé èmi náà ti jókòó sórí tapólì.

Àmọ́ ẹjọ́ mi wà níbẹ̀. Òkun ni wọ́n ń pè wá, àwa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Oworo, nítorí pé òkun là ń kí ara wa: ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òkun, ẹni tí ìyà ń jẹ, òkun. Eva Krapf-Askari, onímọ̀ tó wá ṣèwádìí láàárín àwa Owé, ló dábàá ní 1965 pé kí wọ́n fi kíkí náà pe gbogbo wa. Ó dára. Gbogbo ará àdúgbò tó yọjú lọ́jọ́ yẹn ló kí ìyàwó mi ní òkun, wọ́n kí ọmọ ní òkun, wọ́n kí Ìyé ní òkun ọmọ-ọmọ. Èmi tí mo ra gàrí ń kọ́?

Mo ṣáà ní kí n kọ́ ọmọ níṣẹ́. Mo wọ́n omi sí gàrí, mo fi agolo mọ ọ́n ní búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, mo tò wọ́n lérí ara wọn. Omi ti pọ̀ jù. Gàrí wú, ilé là láàárín, ó wó lé mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọ mi bojú wò ó. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Òkun o."

Gàrí ló ń kí.