Ìyá Aláṣọ Di Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́ mi, Màmá Ìbejì. Èmi ò kì í ṣòfófó, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní yàrá ìyá aláṣọ lánàá, tí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á wú.

Ṣé ẹ gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ gba 241 nínú ìdánwò JAMB? Kí ni mò ń bi yín, ta ni ò gbọ́? Ọjọ́ tí èsì dé, ijó ni obìnrin yẹn jó já ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ló ra mínírà fún, àfi bàbá ẹ̀yìnkùlé, nítorí ọ̀rọ̀ owó iná. Ẹ jẹ́ n fi ti owó iná sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ yẹn gùn.

Ká sòótọ́, ọmọ náà gbìyànjú. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn ló fi ń jẹun, ní lọ́dún 2024, nínú èsì 1,842,464 tí JAMB gbé jáde, 1,402,490 ni ò tó 200. Ẹni tó ní 241 kì í ṣe olódo.

Ṣùgbọ́n LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, ló wu ọmọ, iṣẹ́ lọ́yà ló sì yàn. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, JAMB ní ẹni tó bá ti ní 140 lè máa wá yunifásítì. LASU ní kí ẹni tí ò bá tó 195 má wulẹ̀ yọjú. Ìyá aláṣọ gbọ́ 195, ó wo 241, ó ní ó ti bùṣe. Ó bùṣe kẹ̀! Ẹni tó ní 195 kàn lẹ́tọ̀ọ́ láti tò ni. Wọ́n á tún wo WAEC, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, orí ẹni tó ga jù ni wọ́n ti ń mú bọ̀. Àwọn tó sì fẹ́ di lọ́yà ò lóǹkà.

Ni ẹnì kan bá lọ sọ fún un pé yunifásítì ìpínlẹ̀ máa ń ro ti ọmọ ìpínlẹ̀ náà mọ́ ọn. Yéè! Ìyá tó ti ń fi Ìjẹ̀bú-Igbó yangàn láti ọjọ́ tó ti kó wọlé, ọ̀sán gangan ló di ará Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá tó bí ìyá òun, òun á lọ gbàwé ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní òun ò jẹ ìkọ́kọrẹ́ mọ́, ẹja ni tòun. Ta ló sọ fún un pé ará Ẹ̀pẹ́ kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́? Bẹ́ẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọmọ ti kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB látọjọ́ yìí.

Àárín ariwo yìí ni ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà níta wọlé lánàá, tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wo CAPS, níbi tí JAMB ti ń fi orúkọ ẹni tó rí àyè hàn. Ó tẹ fóònù títí, ó ní, "Mọ́mì, èsì WAEC dà?" Ibi tó yẹ kó wà ṣófo! Ọmọ ò tíì ṣe WAEC nígbà tó gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tó wá ṣe é tán, kò sẹ́ni tó padà lọ gbé e síbẹ̀. Ìyá ṣí àpótí, ó gbé léèsì kúrò, ó tú ọ̀rá méjì. Èsì nìyẹn, kírẹ́dìtì méje, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀. Ó tọ́jú ẹ̀ kí eku má baà jẹ ẹ́.

Kùtù hàì òní ni wọ́n ti forí lé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Bí ẹ bá bi mí, ọmọ yẹn lè wọlé, bí kì í bá ṣe lọ́yà, wọ́n lè fún un ní òmíràn. Bó bá sì jẹ́ lọ́yà náà ni, ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó máa rò ni ti ìyá ẹ̀, lọ́jọ́ tí ará Ẹ̀pẹ́ bá bi í pé agboolé wo ló ti wá.